Agbára Oògùn Nìkan Kọ́ Ló Ń Kápá Myeloma

Láti 1947 títí di àárín àwọn ọdún 1960, urethane ni oògùn tí ọ̀pọ̀ dókítà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń kọ fún àwọn tó ní myeloma, àrùn jẹjẹrẹ tó máa ń mú mùdùnmúdùn inú egungun. Oògùn náà máa ń mú èébì wá, kì í sì í jẹ́ kí oúnjẹ wu ènìyàn jẹ, ṣùgbọ́n ìròyìn tó ti ọ̀dọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ lò ó jáde dára, àwọn tó kù sì tẹ̀ lé wọn. Ọdún 1966 ni àbájáde ìdánwò gidi kan tó jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣẹ́ kèké lórí aláìsàn 83; apá kan mu urethane, apá kejì mu omi dídùn lásán tí wọ́n fi adùn ṣẹ́rì àti kola sí kó lè jọ oògùn. Urethane kò mú àrùn náà rọlẹ̀ ju omi dídùn lọ. Kódà, àwọn tó mu omi dídùn ló pẹ́ láyé jù. Nǹkan bí ogún ọdún ni wọ́n ti fi ń fún àwọn ènìyàn ní ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu láìṣe wọ́n lóore. Àwọn dókítà yẹn kì í ṣe ìkà. Wọn ò kàn tíì fi oògùn náà wé ohunkóhun ni.

Ìtàn yìí ni mo fi ṣáájú nítorí ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn ará ilé aláìsàn: “Ẹ jọ̀ọ́, dókítà, èwo ló lágbára jù nínú gbogbo oògùn yìí?” Kò sí ẹni tó lè dá wọn lẹ́bi, nítorí ọkàn tí kò balẹ̀ ló ń béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó ti jọ láti ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn fi hàn pé kò tíì sí oògùn kan ṣoṣo tí agbára rẹ̀ tó fún myeloma fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ètò ló sọ àrùn tó máa ń pani láàárín ọdún díẹ̀ di èyí tí ọ̀pọ̀ ń bá gbé fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ètò yìí ni pé kí a da oògùn tí ọ̀nà iṣẹ́ wọn kò jọra pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a wọn wọ́n mọ́ ara ẹni tó ń lò wọ́n, kí a má sì dáwọ́ dúró nígbà tí ara bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá. Ẹni tó bá gba èyí gbọ́ á rí i pé kì í ṣe oògùn tó dé kẹ́yìn tó sì wọ́n jù ni ó yẹ kí ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n kọ́kọ́ máa lé kiri.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí àrùn náà ń ṣe. Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní plasma cell, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣe purotéènì tí ara fi ń bá kòkòrò àrùn jà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yà bàrá, tó wá ń bí irú ara rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, wọ́n á gba àyè mọ́ àwọn tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, gbogbo wọn á sì máa tú purotéènì kan náà, tí kò wúlò fún ohunkóhun, sínú ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń dín, tí egungun ń jẹ tó sì ń kán láìjẹ́ pé ènìyàn ṣubú, tí kálíṣíọ̀mù tó yọ́ kúrò lára egungun ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, tí kíndìnrín sì ń bàjẹ́. Ẹ̀yìn ríro ló sábà máa ń kọ́kọ́ fara hàn. Nílé wa, ẹni ọgọ́ta ọdún tí ẹ̀yìn ń ro kì í yá a lára láti lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Làkúrègbé ni wọn á pè é, tàbí àgbà tó dé. Bẹ́ẹ̀ àwa gan-an ni àrùn yìí fẹ́ràn. Ní Amẹ́ríkà, ó tó ìlọ́po méjì láàárín àwọn ènìyàn dúdú ju ti àwọn funfun lọ, ọjọ́ orí tó ti ń mú àwọn dúdú sì kéré sí tiwọn. Ní 2007, àwọn oníwádìí gbé àbájáde àyẹ̀wò ọkùnrin 917 ní Gánà jáde, àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 50 sí 74. Wọ́n ń wá purotéènì àjèjì tó máa ń ṣáájú àrùn náà, wọ́n sì bá a lára nǹkan bí 6 nínú 100 wọn, ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n rí lára àwọn ọkùnrin funfun ní ìpínlẹ̀ Minnesota.

Melphalan ni oògùn àkọ́kọ́ tó ṣe myeloma ní nǹkan kan ní tòótọ́. Àwọn oníṣègùn ní Rọ́ṣíà ló ròyìn rẹ̀ ní 1958, Daniel Bergsagel àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1962. Nígbà tó di 1969, Raymond Alexanian àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi hàn pé bí a bá fi prednisone, tí í ṣe sítẹ́rọ́ìdì, kún melphalan, ẹ̀mí aláìsàn á fi bí oṣù mẹ́fà gùn sí i. Láti ìgbà náà, oògùn méjì yìí ló di àjùmọ̀lò fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Kì í ṣe pé wọn ò gbìyànjú láti fi kún un. Oríṣiríṣi oògùn jẹjẹrẹ ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ ara wọn, mẹ́rin, márùn-ún nígbà mìíràn. Ní 1998, wọ́n kó ìdánwò 27 jọ, tí aláìsàn 6,633 kópa nínú wọn, wọ́n sì rí i pé òtítọ́ ni pé àkójọ oògùn ńlá yẹn ń mú àrùn rọlẹ̀ lára ènìyàn púpọ̀ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò fi ọjọ́ kankan kún ẹ̀mí wọn ju melphalan àti prednisone lásán lọ. Àbájáde yìí ṣe pàtàkì sí mi ju ọ̀pọ̀ tó tẹ̀ lé e lọ, nítorí pé ó dáhùn ìbéèrè tí ènìyàn lè bi mí: ṣé pé kí oògùn ṣáà ti pọ̀ ni? Rárá. Ọ̀nà kan náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú oògùn àtijọ́ wọ̀nyẹn ń gbà ṣiṣẹ́, wọ́n ń ba àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ti mọ bí a ṣe ń yè bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n fún ìyókù.

Àwọn tó gbà pé agbára ni gbogbo rẹ̀ ní ẹ̀rí tiwọn náà, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Ní 1983, Tim McElwain ní ilé ìwòsàn Royal Marsden ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn aláìsàn ní melphalan tó pọ̀ gan-an lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àrùn náà sì pòórá lára àwọn kan, ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sábà rí nígbà náà. Nítorí pé irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ máa ń pa mùdùnmúdùn rere pẹ̀lú, wọ́n wá ń kó àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ kúrò lára aláìsàn pamọ́ ṣáájú, kí wọ́n lè dá a padà fún un lẹ́yìn oògùn. Michel Attal àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé dán ọ̀nà yìí wò lára ènìyàn 200, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1996: lẹ́yìn ọdún márùn-ún, 52 nínú 100 àwọn tó gba ìtọ́jú líle yìí ṣì wà láàyè, nígbà tí àwọn tó gba oògùn àtijọ́ ṣẹ́ ku 12 nínú 100. Ìyàtọ̀ náà pọ̀ púpọ̀, kò sì sí ẹni tó lè fojú pa á rẹ́. Síbẹ̀, lára èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, àrùn náà padà dé. Nígbà tí wọ́n tún yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní Amẹ́ríkà, tí àbájáde ìdánwò DETERMINATION sì jáde ní 2022, gbogbo aláìsàn 722 tó kópa ló ti ń gba oògùn mẹ́ta tí ọ̀nà iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra. Ìtọ́jú líle náà ṣì jẹ́ kí àrùn pẹ́ kó tó padà, oṣù 67.5 dípò 46.2, ṣùgbọ́n iye àwọn tó wà láàyè ní apá méjèèjì kò yàtọ̀ síra lẹ́yìn bí ọdún mẹ́fà. Èrè inú agbára lásán ti dín kù níbi tí ètò oògùn ti dára.

Ibi tí oògùn tí ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ ti wá ni ẹnikẹ́ni kò retí. Ní 1957, ilé iṣẹ́ Grünenthal ní Jámánì gbé thalidomide jáde gẹ́gẹ́ bí oògùn oorun tí kò léwu. Àwọn aláboyún náà ń lò ó sí èébì òwúrọ̀. Ìparí 1961 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o kúrò lọ́jà, ó sì lé ní ọmọ 10,000 káàkiri ayé tí wọ́n bí láìní apá tàbí ẹsẹ̀ tó pé nítorí rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà yọ nínú èyí tó pọ̀ jù nínú àjálù náà nítorí pé Frances Kelsey, obìnrin tó ń yẹ oògùn wò ní àjọ FDA, kọ̀ láti buwọ́ lù ú. Ní 1964, Jacob Sheskin, oníṣègùn ẹ̀tẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù, fún aláìsàn kan tí ara ríro kò jẹ́ kó sùn ní thalidomide, kìkì kó lè rí oorun sùn. Kì í ṣe oorun nìkan ni ọkùnrin náà rí, egbò ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jinná. Ní 1994, Robert D'Amato ní Boston rí i pé oògùn yìí kì í jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun hù, ìmọ̀ yìí ló sì mú kí wọ́n dán an wò lára àwọn tó ní myeloma ní Arkansas, níbi tí Bart Barlogie ti ń ṣe olórí. Ènìyàn 84 ni àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fún, àwọn tí oògùn mìíràn ti sú. Ní 1999 ni wọ́n kéde pé àrùn rọlẹ̀ lára nǹkan bí ìdá mẹ́ta wọn. Ó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Ó tún yani lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ títí di 2010, nígbà tí Hiroshi Handa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan rí purotéènì tó ń lẹ̀ mọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, cereblon. Lẹ́yìn náà ni a wá mọ̀ pé thalidomide àti àwọn àbúrò rẹ̀, lenalidomide àti pomalidomide, ń mú kí cereblon fa purotéènì méjì tí sẹ́ẹ̀lì myeloma kò lè ṣe láìsí sí ìparun.

Ẹ̀rù oògùn yìí ṣì ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n á sì ní báwo la ṣe fẹ́ fi ohun tó sọ ọmọ aráyé di aláàbọ̀ ara wo ẹnikẹ́ni sàn. Oyún ni oògùn náà ń bà jẹ́. Ìdí nìyẹn tí òfin fi le lórí rẹ̀: obìnrin tó ṣì lè lóyún gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò oyún kó tó gbà á, kó sì máa fètò sọ́mọ bíbí, ọkùnrin tó ń lò ó gbọ́dọ̀ lo kọ́ńdọ̀mù nítorí pé oògùn máa ń bá àtọ̀ jáde. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bu tirẹ̀ fún aládùúgbò, bí ọ̀rẹ́ ti wù kó tímọ́tímọ́ tó. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí myeloma ń mú ti kọjá ọjọ́ orí ọmọ bíbí, èyí sì mú kí ewu náà ṣeé ká lọ́wọ́ kò.

Nígbà tó di 2003, FDA fọwọ́ sí bortezomib. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ń lọ purotéènì tó ti gbó tàbí tó bàjẹ́, bí ààtàn tí gbogbo agbo ilé ń da ilẹ̀ sí. Sẹ́ẹ̀lì myeloma ń ṣe purotéènì tọ̀sán-tòru, nítorí náà ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ti sẹ́ẹ̀lì yòókù lọ. Bí a bá dí ojú ààtàn náà, òun ni ìdọ̀tí á kọ́kọ́ bò mọ́lẹ̀. Èyí ni bortezomib ń ṣe, kò sì jọ ohun tí melphalan tàbí lenalidomide ń ṣe rárá. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n dà wọ́n pọ̀. Nínú ìdánwò VISTA, aláìsàn 682 tí ara wọn kò lè gba ìtọ́jú líle ni wọ́n pín sí méjì: melphalan àti prednisone nìkan, tàbí kí a fi bortezomib kún un. Ìdajì àwọn tó gba méjì ni ẹ̀mí wọn kọjá oṣù 43. Ìdajì àwọn tó gba mẹ́ta kọjá oṣù 56. Nínú ìdánwò SWOG S0777, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017, fífi bortezomib kún lenalidomide àti sítẹ́rọ́ìdì dexamethasone sún iye yẹn láti oṣù 64 sí 75. Ní 2015, daratumumab náà ti dé, abẹ́rẹ́ tó ń lẹ̀ mọ́ àmì CD38 lára sẹ́ẹ̀lì àrùn kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dáàbò bo ara lè rí i pa. Nínú ìdánwò MAIA, fífi í kún lenalidomide àti dexamethasone jẹ́ kí 66 nínú 100 wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún, dípò 53. Nínú PERSEUS, tí aláìsàn 709 kópa nínú rẹ̀, àrùn kò tíì padà lára 84 nínú 100 àwọn tó gba oògùn mẹ́rin lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, nígbà tó jẹ́ 68 lára àwọn tó gba mẹ́ta. Nǹkan tí oògùn 6,633 ènìyàn ìjọ́sí kò lè ṣe ni èyí, ohun tó sì fa ìyàtọ̀ ni pé ẹnu ọ̀nà tí oògùn kọ̀ọ̀kan gbà wọlé yàtọ̀.

Ẹni tó bá ń ronú dáadáa lè béèrè pé: bí a bá lo gbogbo oògùn tó dára tán níbẹ̀rẹ̀, kí ló kù tí a ó lò bí àrùn náà bá padà? Ó jọ ọgbọ́n, ọ̀pọ̀ dókítà ló sì ti ronú bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìròyìn kan tó jáde ní 2016 láti àwọn orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù fi hàn pé nínú 100 ènìyàn tí wọ́n bá sọ fún pé wọ́n ní myeloma, 95 ló máa ń gba ìtọ́jú àkọ́kọ́, 61 ló máa ń dé ìkejì, 38 ló máa ń dé ìkẹta, 15 péré ló sì ń dé ìkẹrin. Àwọn yòókù ti kú, tàbí ara wọn kò lè gbà á mọ́. Yúróòpù nìyẹn o, níbi tí ìjọba ti ń sanwó. Oògùn tí a fi pamọ́ de ọjọ́ iwájú, ọ̀pọ̀ àwọn tí a fi í pamọ́ fún kì í dé ibẹ̀. Àti pé àkókò tí àrùn bá kọ́kọ́ dé ni sẹ́ẹ̀lì tó mọ̀ bí a ṣe ń yè bọ́ ṣì kéré jù. Bó bá ti padà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn tó le jù nínú wọn ló ṣẹ́ kù.

Ṣùgbọ́n kíá kọ́ ni fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí wọ́n bá kàn rí purotéènì àjèjì díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí egungun, kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì pé, kò nílò oògùn. Nǹkan bí 1 nínú 100 irú wọn ló máa ń di myeloma lọ́dún, ohun tó sì yẹ wọ́n ni kí wọ́n máa lọ fún àyẹ̀wò. Àárín àwọn wọ̀nyí àti àwọn tí àrùn ti mú ni ìjiyàn wà báyìí. Ìdánwò AQUILA, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ìparí 2024, lo daratumumab fún àwọn tí àrùn wọn kò tíì gbérí ṣùgbọ́n tó fẹ́ gbérí láìpẹ́: lẹ́yìn ọdún márùn-ún, 93 nínú 100 wọn wà láàyè, nígbà tó jẹ́ 87 lára àwọn tí wọ́n kàn ń ṣọ́. Mo gbà pé ẹ̀rí náà lágbára, àmọ́ ènìyàn gbọ́dọ̀ ní àwòrán tó mọ́ kedere nípa egungun aláìsàn kó tó sọ pé àrùn náà kò tíì gbérí.

Ní ti ìwọ̀n, ẹ̀rí tó dùn mọ́ mi jù ni ti dexamethasone. Sítẹ́rọ́ìdì yìí wà nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ètò oògùn myeloma. Tẹ́lẹ̀, ìwọ̀n gíga ni wọ́n ń lò, milligram 480 lóṣù kan. Àwọn oníwádìí tí Vincent Rajkumar ṣíwájú wọn pín aláìsàn 445 sí méjì, wọ́n fún gbogbo wọn ní lenalidomide, ṣùgbọ́n milligram 160 péré ni dexamethasone apá kejì. Àrùn rọlẹ̀ lára ènìyàn púpọ̀ sí i ní apá tó gba ìwọ̀n ńlá. Síbẹ̀, nígbà tí ọdún kan pé, 96 nínú 100 ló wà láàyè ní apá ìwọ̀n kékeré, 87 ni ní apá ìwọ̀n ńlá. Ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan àti àìsàn mìíràn ló ń pa àwọn tó gba púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú bortezomib: nígbà tí wọ́n dẹ́kun gígún un sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń gún un sábẹ́ awọ ara, pajápajá tó ń mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ dín kù láti 53 sí 38 nínú 100, iṣẹ́ oògùn kò sì dín kù. Ohun kan wà tó kan àwa tí orírun wa jẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wa ni a ní àbùdá tí wọ́n ń pè ní Duffy-null, èyí tó máa ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì funfun kan, neutrophil, kéré nínú ẹ̀jẹ̀ wa láìjẹ́ pé a ń ṣàìsàn. Dókítà tí kò bá rántí èyí lè dín oògùn kù tàbí kó dá a dúró láìnídìí, yálà Lọ́ńdọ̀nù ni aláìsàn ń gbé ni o, tàbí Houston. Ó sì ti jẹ́ kí wọ́n dá àwọn ènìyàn dúdú kan padà lẹ́nu ọ̀nà ìdánwò oògùn, wọn ò kúkú pọ̀ nínú ìdánwò náà tẹ́lẹ̀.

Ibi tí àwọn aláìsàn ti sábà máa ń bá dókítà jiyàn ni ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n má jáwọ́. Ẹ̀yìn kò ro mọ́, ẹ̀jẹ̀ ti pé, kí ni a tún ń gbé oògùn mì fún? Nígbà tí wọ́n kó ìdánwò mẹ́ta jọ ní 2017, àwọn tó ń lo lenalidomide díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìtọ́jú líle ní oṣù 52.8 kí àrùn tó padà lára ìdajì wọn. Àwọn tó dáwọ́ dúró ní 23.5. Lẹ́yìn ọdún méje, 62 nínú 100 ló wà láàyè ní apá kan, 50 ní apá kejì. Kì í ṣe ọ̀fẹ́: àrùn jẹjẹrẹ mìíràn máa ń pọ̀ díẹ̀ lára àwọn tó ń lo lenalidomide pẹ́, àárẹ̀ àti ìgbẹ́ gbuuru sì máa ń dà wọ́n láàmú. Àwọn tó ní kí á dá a dúró fún ẹni tí àyẹ̀wò tó jinlẹ̀ jù kò rí sẹ́ẹ̀lì àrùn kankan lára rẹ̀ fún ọdún mélòó kan lè jàre lọ́jọ́ kan. Àtakò tó lágbára jù sí ohun tí mo ń sọ wà níbòmíràn. Wọ́n ń mú sẹ́ẹ̀lì ajagun kúrò lára aláìsàn, wọ́n á tún àbùdá rẹ̀ ṣe kó lè máa dá myeloma mọ̀, wọ́n á sì dá a padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú àwọn 97 tó gba ọ̀kan lára irú rẹ̀, cilta-cel, tí oògùn mìíràn kò ràn mọ́, 32 ló pé ọdún márùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí àrùn, láìlo oògùn kankan lẹ́yìn náà. Àbí agbára ọ̀kan ṣoṣo ti wá tó? Fún ìdá mẹ́ta wọn, ó jọ bẹ́ẹ̀. Ìdá méjì tó kù ṣì padà sídìí ètò. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní 2022, owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là 465,000.

Ọ̀rọ̀ owó ni àwọn kan máa fi já gbogbo èyí kulẹ̀: ìwọ̀nyí dára fún ẹni tó wà ní òkè òkun, kí ló kan ẹni tó ń ta ilẹ̀ láti sanwó ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn? Òótọ́ ni pé àpò ara wọn ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn ní Nàìjíríà fi ń sanwó jẹjẹrẹ. Òótọ́ sì ni pé ojúkòkòrò wà nínú òwò náà: ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà sọ ní 2020 pé ìgbà 22 ni àwọn tó ń ṣe lenalidomide fi owó kún iye rẹ̀, láti dọ́là 215 fún hóró kan sí 719. Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ ní Íńdíà ti ń ṣe irú rẹ̀ tí owó rẹ̀ kéré gan-an sí ìyẹn, wọ́n ń ṣe bortezomib náà, àti thalidomide. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi bortezomib, lenalidomide àti thalidomide sínú àkójọ oògùn tí kò yẹ kó wọ́n ní orílẹ̀-èdè kankan. Bortezomib, thalidomide àti dexamethasone jẹ́ oògùn mẹ́ta tí ọ̀nà iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Ohun tó ya ìtọ́jú òní sọ́tọ̀ kúrò lára ti 1969 ti wà níbẹ̀. Àwọn tó sì rò pé ara ènìyàn dúdú kì í gbọ́ oògùn yìí bí ti funfun, kí wọ́n wo àbájáde tó jáde ní 2019 láti àwọn ilé ìwòsàn àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ní Amẹ́ríkà, níbi tí dúdú àti funfun ti ń rí ìtọ́jú kan náà gbà. Láàárín àwọn tí kò tíì pé ọdún 65, ìdajì àwọn dúdú ló kọjá ọdún 7.07, ìdajì àwọn funfun kọjá 5.83.

Oògùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tún wà tí kò wọ́n, tí wọ́n sì máa ń gbàgbé: zoledronic acid fún egungun, tí ìdánwò ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ó ń fi oṣù kún ẹ̀mí pàápàá, bí oníṣègùn eyín bá ti yẹ ẹnu wò ṣáájú, aspirin kékeré fún ẹ̀jẹ̀ dídì, bí dókítà bá fọwọ́ sí i, aciclovir fún ẹni tó ń gba bortezomib. Ọ̀tọ̀ ni àwọn tó yẹ kí aláìsàn sá fún. Oògùn ara ríro bíi diclofenac àti ibuprofen, tí a máa ń rà ní kẹ́mísìtì láìbéèrè, lè pa kíndìnrín tí myeloma ti ń hàn léèmọ̀. Àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èròjà tó wà nínú tíì aláwọ̀ ewé, tí àwọn ènìyàn ń mu nítorí jẹjẹrẹ, máa ń lẹ̀ mọ́ bortezomib kó má lè ṣiṣẹ́. Iléèwádìí ni wọ́n ti rí èyí, mi ò sì rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa ra abẹ́rẹ́ olówó gọbọi kó tún fi tíì pa á.

Nítorí náà, bí owó tó wà nílẹ̀ bá lè ra oògùn mẹ́rin fún oṣù mẹ́ta, tàbí oògùn mẹ́ta fún ọdún kan gbáko, mẹ́ta fún ọdún kan ni èmi á mú, màá sì bi dókítà léèrè, kí a tó gba abẹ́rẹ́ kìíní, pé oògùn wo la ó máa lò nígbà tí ọdún náà bá parí, àti ibo la ó ti máa rà á.